Pípààrọ̀ Ilé-Ìwé fún Ọmọ Tí Ẹ Gbà Ṣọmọ, Tó Nílò Ìrànlọ́wọ́ Àkànṣe: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É ní England

Bí ọmọ tí ẹ gbà ṣọmọ bá ní autism, tàbí ADHD (àìlèpọkàn pọ̀ àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́), tàbí ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí tó jẹ́ pé ọtí tí ìyá tó bí i mu nígbà oyún ló ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe, tí ilé-ìwé tó wà kò sì bá a lára mu mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé-ìwé mìíràn kiri. Wọ́n á bi ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi àwọn èèyàn lórí WhatsApp pé ilé-ìwé wo ló dára ní Croydon tàbí ní Thamesmead. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin England kì í béèrè ilé-ìwé tó dára. Ohun tó ń béèrè ni pé: kí ni ọmọ yìí nílò, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀, ilé-ìwé wo ló sì lè ṣe é? Bí ẹ bá fi orúkọ ilé-ìwé ṣíwájú, káńsù á ní ohun tó wù yín lẹ ń sọ. Bí ẹ bá fi àìní ọmọ ṣíwájú, tó wà lákọsílẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́, káńsù ló máa kù tí yóò máa wá àlàyé.

England nìkan ni mo ń sọ o. Wales, Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn. Mo ti bá àwọn òbí Yorùbá jókòó nínú ìpàdé báyìí, èmi náà sì ní ọmọ tó gba ọ̀nà yìí kọjá, torí náà níbi tí mo bá ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ bá mi pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ má tíì yọ ọmọ kúrò níbi tó wà

Inú ń bí yín, mo mọ̀. Wọ́n ń pè yín lẹ́nu iṣẹ́ ṣáá pé kí ẹ wá mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ lẹ́tà pé ẹ ti yọ ọmọ kúrò, pé ẹ̀yin á máa kọ́ ọ nílé, ilé-ìwé á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, káńsù náà á sì lè sọ pé ẹ ti ṣètò tiyín fún un, ẹrù ti kúrò lórí àwọn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ibi tuntun á fi dájú lórí ìwé.

Àwọn ilé-ìwé kan máa ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ ò ṣe gbé e lọ síbòmíràn, kó má di pé a lé e?" Kò bófin mu. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ohun tí wọ́n sọ yẹn sínú ímeèlì sí yín. Wọn ò ní kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀.

Bí ẹ̀rù tàbí àìsàn ò bá jẹ́ kí ọmọ lè lọ sílé-ìwé rárá, ẹ lọ bá GP (dókítà ìdílé yín) kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí káńsù. Bó bá ti hàn pé yóò pàdánù ọjọ́ ilé-ìwé tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àìlera, káńsù ló gbọ́dọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ mìíràn fún un ní gbogbo ìgbà yẹn. Òfin ọdún 1996 ló gbé ojúṣe yìí lé wọn lórí, ìlànà ìjọba ló sì sọ iye ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀, káńsù kì í sì í ránni létí.

Ẹ̀gbọ́n kan tún wà tó máa ní, "Ẹ gbé e lọ sí Nàìjíríà fún ọdún méjì, kí ẹ fi sí boarding, orí ẹ̀ á pé." Káńsù kò ní ojúṣe fún ọmọ tí kò gbé ládùúgbò rẹ̀ mọ́, gbogbo ohun tí ẹ ti jà fún lè lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ọmọ tí wọ́n ti gbé kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà kan rí kò ní ka ìrìn àjò yẹn sí ẹ̀kọ́. Yóò ka á sí pé wọ́n tún ti gbé òun fún ẹlòmíràn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ẹ gba ọ̀nà ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ọ̀nà tó jẹ́ tiyín

Ọ̀nà méjì ló wà, bí ẹ bá sì gba èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ ó fi oṣù bíi mélòó kan ṣòfò.

Ọmọ tó ti ní EHCP, ìyẹn ìwé ètò tí káńsù ṣe fún un lábẹ́ òfin ọdún 2014, tó sọ àìní rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ tó gbọ́dọ̀ rí gbà, kì í gba fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé tí gbogbo ọmọ ń gbà. Ẹ̀ka SEN ní káńsù, ìyẹn ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, ló ń pààrọ̀ ilé-ìwé fún un, nípa títún ìwé náà kọ. Bí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù lásán, wọ́n á kàn dá a padà ni.

Ọmọ tí kò ní EHCP, tó jẹ́ pé ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́, á gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní in-year application, láti ọ̀dọ̀ káńsù tàbí lọ́wọ́ ilé-ìwé náà tààrà. Níbí ni ìwé ìgbàṣọmọ yín ti wúlò gan-an. Ọmọ tó ti wà lọ́wọ́ káńsù rí (ìyẹn tí káńsù tọ́jú dípò òbí rẹ̀), tó kúrò níbẹ̀ nítorí pé wọ́n gbà á ṣọmọ, iwájú ló wà nínú ètò ìgbaniwọlé, òun àti àwọn tó ṣì wà lọ́wọ́ káńsù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọmọ tí wọ́n gbà láti òkè òkun náà ti wọ inú rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba, tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, tàbí àjọ aláàánú ló wà níbẹ̀. Ẹ ti rí i pé ọmọ tí ẹ gbà láti ilé àwọn ọmọ aláìníyàá tí ṣọ́ọ̀ṣì ń bójú tó ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè wọ ibẹ̀. Ọmọ àbúrò yín tí ẹ gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láìgba ibì kankan kọjá kò sí nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kíláàsì ti kún, tí ọmọ náà sì wà ní Reception, Year 1 tàbí Year 2 níbi tí òfin ti ní kí kíláàsì má ju ọmọ 30 lọ, ẹ rán wọn létí pé òfin yẹn fàyè gba ọmọ tó ti wà lọ́wọ́ káńsù rí, tó wọlé láàárín ọdún. Ó yẹ kí èsì fọ́ọ̀mù yín dé láàárín ọjọ́ ilé-ìwé 15, ó pẹ́ tán. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ lè pẹjọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó dá dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó ìwé jọ

Fáìlì kan ṣoṣo, kó má jẹ́ mẹ́ta. Nínú rẹ̀: ìwé ìgbàṣọmọ tàbí àṣẹ kóòtù, gbogbo ìròyìn dókítà, speech therapist (oníṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ) àti educational psychologist (onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹ̀kọ́ ọmọ), ìròyìn ilé-ìwé, ìwé gbogbo ìgbà tí wọ́n dá a dúró sílé, EHCP bó bá ní. Bí àwọn ìwé kan bá wà lọ́wọ́ ilé-ìwé tàbí káńsù tí wọn kò fi hàn yín rí, ẹ kọ̀wé pé ẹ ń ṣe subject access request fún ọmọ yín, ìyẹn ìbéèrè láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Oṣù kan ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ máa rí ohun tí tíṣà kọ sí tíṣà nípa ọmọ yín níbẹ̀, ẹ múra ọkàn le.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àkọsílẹ̀ tiyín. Ohun tí mo bá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí ni "ó ń bínú", "ó ń ṣe bákan". Ìyẹn ò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ju báàgì mọ́ ògiri, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó wà níbẹ̀ títí di aago márùn-ún. Nígbà tó jáde, ó ní tíṣà tí òun ò mọ̀ rí ni wọ́n fún àwọn lónìí." Ẹ wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun ló máa sọ fún educational psychologist pé ìpààrọ̀ èèyàn ló ń dẹ́rù ba ọmọ yìí, kì í ṣe pé orí kunkun ló ní. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbà ṣọmọ ló máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, tó jẹ́ pé ilé ni ohun gbogbo ti máa ń tú. Ilé-ìwé á ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe é níbí." Àkọsílẹ̀ yín nìkan ló lè dá wọn lóhùn.

Ẹ tún kàn sí ẹ̀ka adoption support, tó ń ran ìdílé tó gba ọmọ ṣọmọ lọ́wọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí kóòtù fàṣẹ sí ìgbàṣọmọ, káńsù tó fi ọmọ sọ́dọ̀ yín ni kí ẹ bá. Lẹ́yìn ìyẹn, káńsù ibi tí ẹ ń gbé ni. Bí ẹ bá ní kí wọ́n wo ohun tí ẹ nílò, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó, ìròyìn oníṣẹ́ wọn sì lè wọ fáìlì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí kò bá ní EHCP, ẹ rò ó bóyá kí ẹ béèrè fún un

Ẹ lè kọ lẹ́tà béèrè fúnra yín, ẹ ò ní láti dúró de ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí wọ́n ti yẹ ọmọ wò pé ó ní èyí tàbí ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 6 ni káńsù ní láti sọ bóyá wọ́n á yẹ ọmọ wò. Láti ọjọ́ tí ẹ béèrè títí ìwé á fi parí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńsù púpọ̀ ni kì í pa àkókò yẹn mọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ilé-ìwé àkànṣe ni ọmọ yín nílò, ẹ ò lè yẹra fún ìgbésẹ̀ yìí, torí EHCP ni ilé-ìwé àkànṣe ti ìjọba fi ń gba ọmọ. Bí ilé-ìwé gbogbogbòò bá lè ṣe é pẹ̀lú SENCO tó jáfáfá (tíṣà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe nílé-ìwé), ẹ lè ṣe fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ná, kí ẹ máa bá ìbéèrè EHCP lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bó bá ní EHCP, ẹ ka Abala B àti F kí ẹ tó dé Abala I

Abala I ni orúkọ ilé-ìwé wà. Ibẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Abala B ló ń sọ àìní ọmọ, Abala F ló ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Bí F bá jẹ́ omi lásán, tí kò sọ ohun pàtó, ilé-ìwé èyíkéyìí lè ní òun lè gbé e.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú rẹ̀ kún inú EHCP: "Yóò jàǹfààní bí àgbàlagbà bá ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá yẹ." Ta ni àgbàlagbà? Ìgbà wo ló yẹ? Kò sí ẹni tí gbólóhùn yìí dè. Ẹ fi èyí wé e: "Olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ mọ̀, tó ti gba ẹ̀kọ́ lórí àwọn ọmọ tó ti la ìpalára kọjá, yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú 15 kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí olùrànlọ́wọ́ náà kò bá ní wá, wọ́n á sọ fún ọmọ àti òbí ṣáájú, ẹnì kejì tí ọmọ ti mọ̀ ni yóò dípò rẹ̀." Ó ní iye, ó ní èèyàn, ó ní àkókò. Bí F bá rí báyìí, ilé-ìwé tí kò lè ṣe é á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò lè ṣe é, èyí tó lè ṣe é á sì yọ síta.

Ẹ rí i dájú pé Abala B kò fi ọ̀rọ̀ ìgbàṣọmọ mọ sórí gbólóhùn kan nínú ìtàn ìdílé. Bí àìfọkàntánni, ìbẹ̀rù pé wọ́n á fi òun sílẹ̀, tàbí àìlèsùn ṣáájú ọjọ́ ilé-ìwé bá ń dí i lọ́wọ́ ẹ̀kọ́, àìní ẹ̀kọ́ ni, kó wà ní B, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní F.

Mo mọ̀ pé gbígbé ọ̀rọ̀ yìí síta kò rọrùn fún wa. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló jẹ́ pé ìyá, bàbá àti pásítọ̀ nìkan ló mọ̀ pé wọ́n gbà ọmọ náà ṣọmọ ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lọ kéde rẹ̀ níbi ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta wà nílé-ìwé tó yẹ kó mọ̀: SENCO, tíṣà kíláàsì, àti designated teacher, ìyẹn tíṣà tí òfin ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan yàn fún àwọn ọmọ tó wà tàbí tó ti wà lọ́wọ́ káńsù. Bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á ní kí ọmọ mú fọ́tò ìgbà tó wà ní ìkókó wá, kó ya igi ìdílé, kó kọ káàdì fún ìyá, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọjọ́ Ẹtì yẹn fi bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ lọ wo ilé-ìwé náà lọ́jọ́ iṣẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo òbí kò wúlò fún yín, wọ́n ti gbá ilẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lásán, nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde fún eré. Ẹ wo ibi tí ọmọ tó ń sunkún lọ, àti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bi SENCO pé: olùrànlọ́wọ́ mélòó ló kúrò níbí láàárín ọdún kan? Kí ni ẹ máa ń ṣe bí ọmọ bá sá lọ sábẹ́ tábìlì? Ṣé ẹ ní yàrá tí wọ́n ti ń dá ọmọ nìkan gbé fún ìjìyà? Bó bá ní àwọn kì í fàyè gba ìwàkíwà kankan rárá, tó ń fi í yangàn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lè dára fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ rí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "lọ dá jókòó" àti "a ò fẹ́ ẹ mọ́".

Ẹ béèrè bákan náà bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ̀wé pé ẹ ò fọwọ́ sí i. Àwọn ẹbí kan tó bí ọmọ ṣì ń wá a kiri, yúnífọ́ọ̀mù inú fọ́tò kan sì tó láti fi mọ ibi tó wà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ béèrè fún ìpàdé àtúnyẹ̀wò kí ọdún tó pé

Gbogbo EHCP ni wọ́n ń tún wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n ṣe é báyìí nítorí ibi tí ọmọ wà kò bá a mu mọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó yí padà ní B, ní F, àti ní I. Ẹ fi ìròyìn yín mọ́ ọn. Ímeèlì ni kí ẹ fi ṣe é, bí ẹ bá sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kọ ímeèlì tẹ̀ lé e pé, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ fún mi lónìí..."

Lẹ́yìn ìpàdé, káńsù gbọ́dọ̀ sọ ìpinnu wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé náà ṣe, wọ́n á fi àtúnṣe náà ránṣẹ́, ẹ ó sì ní ọjọ́ 15, ó kéré tán, láti sọ èrò yín, kí ẹ sì dárúkọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́. Títí ìwé tuntun á fi parí, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ láti ọjọ́ ìpàdé. Bí ọmọ bá wà ní Year 6 tó ń lọ sí Year 7, ọjọ́ mìíràn tún wà tó lágbára ju èyí lọ: ìwé náà gbọ́dọ̀ ti ní orúkọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní ọjọ́ 15 oṣù kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Year 5.

Bí ilé-ìwé tí ẹ dárúkọ bá jẹ́ ti ìjọba, academy (èyí tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí káńsù kì í darí), tàbí ilé-ìwé àkànṣe tó wà lórí àkọsílẹ̀ ìjọba, káńsù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí Abala I, àyàfi bí wọ́n bá fi hàn pé kò bá ọjọ́ orí, agbára tàbí àìní ọmọ mu, tàbí pé wíwà rẹ̀ níbẹ̀ á ṣèdíwọ́ fún ẹ̀kọ́ àwọn yòókù, tàbí pé kì í ṣe ọ̀nà tó yẹ láti ná owó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn o, kì í ṣe kí wọ́n kàn sọ ọ́. "Ilé-ìwé ti kún" nìkan kò tó. Ilé-ìwé aládàáni tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ yàtọ̀: ẹ lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti fún ọmọ láyè, káńsù kò sì ní irú ojúṣe kan náà.

Ilé-ìwé lè kọ̀wé sí káńsù pé àwọn ò lè gbé ọmọ yín. Èrò ni, kì í ṣe ìpinnu. Bí káńsù bá ti kọ orúkọ wọn sí I, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀tọ́ yín ni, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lò ó, ẹ ka lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà dáadáa. Bó bá jẹ́ pé owó tàbí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń sunkún lé lórí, ẹ jà. Bó bá jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀daràn, mi ò ní fi tèmi síbẹ̀, bí kóòtù tilẹ̀ dá mi láre.

Bí káńsù bá kọ̀, ẹ ní oṣù 2 láti ọjọ́ lẹ́tà ìpinnu láti gbé e lọ sí Tribunal (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe), tàbí oṣù kan láti ọjọ́ tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìlàjà, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ ti bá olùlàjà sọ̀rọ̀, èyí tó bá pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ Abala I nìkan lẹ ń jà lé, ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí ìlàjà. Bí B àti F bá wà nínú ẹjọ́, ẹ nílò rẹ̀. Wọn kì í gba owó ẹjọ́ lọ́wọ́ yín, kò sì pọn dandan kí ẹ ní lọ́yà. Ẹ pe SENDIASS àdúgbò yín, ìyẹn iṣẹ́ ìmọ̀ràn fún òbí lórí ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, ọ̀fẹ́ ni, káńsù gbogbo ló ní in. IPSEA, àjọ aláàánú kan, náà ń fúnni ní ìmọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lo àwọn lẹ́tà àwòṣe wọn.

Ẹnì kan tún wà tí àwọn òbí kì í rántí: Virtual School Head. Orúkọ yìí ń ṣini lọ́nà, kì í ṣe ilé-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, òfin sì ní kó máa gba òbí àwọn ọmọ tó ti wà lọ́wọ́ káńsù rí nímọ̀ràn. Ímeèlì kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ máa ń mú kí ilé-ìwé tó ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la tètè dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ sọ fún ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kó dágbére

Ẹ má sọ nǹkan kan títí ibẹ̀ á fi dájú. Ọmọ tí ẹ ti sọ fún pé ó ń lọ, tí káńsù wá fi falẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò ní sùn ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn. Bó bá ti dájú, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́, nílé, lọ́jọ́ tí kò sí ariwo. Kó má gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí kò ní bi yín, ni bóyá ìpààrọ̀ yìí máa kan òun náà. Ẹ sọ ọ́ fún un láìdúró de ìbéèrè: "Ilé-ìwé la fẹ́ pààrọ̀. A ò ní pààrọ̀ rẹ. Yàrá rẹ ń bẹ níbí, bẹ́ẹ̀dì rẹ ń bẹ níbí, èmi ni màá wá mú ẹ lójoojúmọ́." Ẹ tún un sọ lọ́la. Ẹ tún un sọ lọ́túnla pẹ̀lú, bó bá tilẹ̀ ní òun ti gbọ́.

Ẹ ṣe ìwé kékeré fún un: fọ́tò ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tuntun, fọ́tò ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀wù kọ́, ibi ìjẹun, ilé ìyàgbẹ́, àti ojú ẹni tó máa pàdé rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ilé ìyàgbẹ́ ṣe pàtàkì ju bí àgbàlagbà ṣe rò lọ. Kó lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, kó tún lọ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀.

Ìdágbére níbi àtijọ́ ni àwọn èèyàn máa ń fò kọjá, pàápàá bí ìjà bá ti wà láàárín yín àti ilé-ìwé. Ẹ má fò ó. Ọmọ yìí ti ní àwọn èèyàn tó kàn pòórá mọ́ ọn lójú láyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mú káàdì lọ fún olùrànlọ́wọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò pọ̀, kí ìyẹn sọ fún un lẹ́nu ara rẹ̀ pé inú òun dùn sí ibi tó ń lọ. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ kó ìwé àti bàtà eré ìdárayá rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ mú báàgì gidi dání. Ẹ má fi ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí kó o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti wà lọ́wọ́ káńsù ló jẹ́ pé irú ọ̀rá yẹn ni wọ́n fi kó ẹrù wọn láti ilé dé ilé.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ wo fáìlì tí ilé-ìwé àtijọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́. Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ kí ẹ tó gbà á lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kó tó lọ, torí orúkọ tó bá wọ rẹ́jísítà tuntun ni tíṣà máa fi pè é níwájú gbogbo kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọkọ̀ àti owó

Bí ilé-ìwé tuntun bá jìn, ẹ ka bí wọ́n ṣe kọ Abala I. Káńsù lè kọ ọ́ pé àwọn gbà á nítorí pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, pé ilé-ìwé mìíràn tó sún mọ́ tòsí lè ṣe é. Gbólóhùn yẹn ló máa sọ owó ọkọ̀ di tiyín. Bí ẹ ò bá gbà, ìgbà yẹn ni kí ẹ jà, kó tó di oṣù kẹsàn-án.

Ẹ fi ìwé ìgbàṣọmọ han ilé-ìwé tuntun kó tó di ọjọ́ ìkànìyàn ilé-ìwé, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá. Bí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ káńsù ní England tàbí Wales rí, ilé-ìwé á gba Pupil Premium Plus nítorí rẹ̀, ìyẹn owó tí ìjọba ń fi kún ti ilé-ìwé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ (£2,630 ni ní ọdún 2025 sí 2026). Kì í wọ àpò òbí, kì í sì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ designated teacher bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lè dára dé bi pé ẹ ó máa dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà ṣì ń ṣọ́ wọn ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ló sábà máa ń dán wọn wò, bóyá àwọn náà á lé òun. Ẹ ti sọ èyí fún SENCO ṣáájú, kó má bàa rò pé ọmọ ti bàjẹ́.

Bí wọ́n bá ní kó máa wá ní ìdajì ọjọ́, ẹ lè gbà fún ìgbà díẹ̀ bó bá máa ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ gba ọjọ́ tó máa parí lákọsílẹ̀. Ìdajì ọjọ́ tí kò ní òpin kì í ṣe ètò, àyè ni wọ́n ń gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ kẹfà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mú Abala F dání, kí ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè: ṣé èyí ń ṣẹlẹ̀, ta ló ń ṣe é, ọjọ́ wo? Bí wákàtí 25 bá ti di 12 nítorí pé òṣìṣẹ́ ò sí, ẹ má bá ilé-ìwé jà lórí ìyẹn. Káńsù ni òfin gbé ẹrù Abala F lé lórí. Ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ dárúkọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ti ń ṣẹlẹ̀ bọ̀, ẹ ní kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé.